Ta Ló Ni Ojú Ìwé? Ìtàn Àfọwọ́yà Kọ́míìkì

Gbogbo wa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá la mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àfọwọ́kọ. Kí ìwé ìtàn àròsọ tó di ohun tí à ń rà lọ́jà, òǹkọ̀wé ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé, ó ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ níhìn-ín, ó ti fi òmíràn kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó jọ ọ́ wà nínú ayé kọ́míìkì. Kí Spider-Man tó di ìwé pẹlẹbẹ aláràbarà tí ọmọdé ń ká sínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ẹnì kan ti jókòó ti tábìlì, ó ti fi pẹ́ńsùlù àti tàdáwà yà á sórí páálí funfun. Páálí yẹn là ń pè ní àfọwọ́yà nínú àròkọ yìí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ lè tó ọ̀kẹ́ àìmọye. Àfọwọ́yà kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ilé gbàǹjo Heritage ní ìlú Dallas ta ojú ìwé àfọwọ́yà kan ní mílíọ̀nù 3.36 dọ́là. Ojú ìwé kan péré ni o, kì í ṣe odidi ìwé. Mike Zeck ló yà á fún ìwé Secret Wars, ẹ̀dà kẹjọ, tó jáde ní 1984. Inú rẹ̀ ni Spider-Man ti wọ aṣọ dúdú rẹ̀ tó gbajúmọ̀, tí a sì rí bó ṣe dé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì tó ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ́míìkì ń gé irú páálí bẹ́ẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí wọ́n ń dà á nù bí ewé tí a ti fi pọ́n mọ́ínmọ́ín jẹ tán.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà méjèèjì? Ọ̀pọ̀ á sọ pé owó ló dé, tàbí pé àwọn ọmọ tó ń ka kọ́míìkì lánàá ti di olówó lónìí. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Ohun tí àwa fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn àfọwọ́yà jẹ́ ìtàn òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀, ìtàn ẹni tó fi ọwọ́ ṣe nǹkan àti ẹni tó ní òun ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà kàn wá nílé níbí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ní Amẹ́ríkà, ojú ìwé kọ́míìkì kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan. Òǹkọ̀wé á gbé ìtàn kalẹ̀. Ayàwòrán á fi pẹ́ńsùlù pín páálí sí àpótí àpótí, á ya ènìyàn, ilé àti ìjà sínú wọn. Ẹlòmíràn á kọ ohun tí àwọn ẹ̀dá inú ìtàn ń sọ sínú òbìrí ọ̀rọ̀. Oníyíǹkì á wá fi búrọ́ọ̀ṣì àti kálàmù tẹ̀lé ipa pẹ́ńsùlù, á sì fi rọ́bà pa pẹ́ńsùlù náà rẹ́ bí tàdáwà bá ti gbẹ. Àwọ̀ kì í sí lórí páálí yìí. Orí ìwé mìíràn ni wọ́n ti ń tọ́ka ibi tí pupa, búlúù àti yẹ́lò máa wà.

Páálí náà tóbi ju ìwé tí à ń rà lọ. Títí di nǹkan bí 1967, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n máa tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín in kù sí ìǹṣì 11 ní fífẹ̀ àti ìǹṣì 17 ní gígùn. Ilé ìtẹ̀wé á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sún fọ́tò náà kéré, wọ́n á sì fi ṣe ohun tí ẹ̀rọ ń tẹ̀. Bí fọ́tò bá ti jáde dáadáa, iṣẹ́ páálí parí lójú wọn.

Nítorí pé kámẹ́rà ilé ìtẹ̀wé kì í rí búlúù tí kò dán, àwọn ayàwòrán máa ń fi pẹ́ńsùlù búlúù ṣe àmì tí wọn kò fẹ́ kó hàn nínú ìwé. Ọ̀dà funfun náà wà, tí wọ́n fi ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Wọ́n tún máa ń gé ìwé pélébé lẹ òbìrí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ní kí wọ́n tún kọ. Gbogbo ìwọ̀nyí ṣì wà lórí àfọwọ́yà. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, a kò rí wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan gbé e lẹ́sẹ̀. Amazing Fantasy, ẹ̀dà 15, ni Spider-Man ti kọ́kọ́ jáde ní 1962. Steve Ditko ló yà á, Stan Lee ló kọ ọ́. Ní 2008, ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ kó gbogbo àfọwọ́yà ìwé náà, ojú ìwé 24, fún Library of Congress ní Washington lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ojú ìwé yìí, Lee kọ̀wé sí Ditko pé kó ya ọkọ̀ tó ní òrùlé, kí ọwọ́ àwọn èrò inú rẹ̀ má yọ síta, kí òǹkàwé má baà rò pé àwọn ọmọ ìta ló ń wa ìwàkuwà. Ohun kékeré ni lójú ẹni tí kò mọ ìtàn. Ṣùgbọ́n láti 1954 ni ìgbìmọ̀ kan ti ń yẹ kọ́míìkì Amẹ́ríkà wò kó tó jáde, nítorí àwọn òbí àti àwọn aṣòfin ń pariwo pé kọ́míìkì ń ba ọmọ jẹ́. Ẹ̀rù yẹn ló wà nínú gbólóhùn tí Lee kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. Inú ìwé tí wọ́n tẹ̀ kò lè sọ ọ́ fún wa.

Nígbà tí kò níye lórí

Ní ọdún 1938, Jerry Siegel àti Joe Shuster gba 130 dọ́là lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó wá di DC, wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn ti ta Superman fún wọn pátápátá. Láti ìgbà náà ni àṣà ti fìdí múlẹ̀ pé ẹni tó ń san owó ojú ìwé ló ni ohun gbogbo: ìtàn, orúkọ akọni, àwòrán, títí kan páálí gan-an. Àwọn bàbá wa ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ayàwòrán nìyẹn, àfi pé ayàwòrán kì í ṣe ẹrú.

Páálí kò sì jọ wọ́n lójú. Wọ́n ń fi ta àlejò lọ́rẹ, wọ́n ń kó o sí ìsàlẹ̀ àpótí. Bí ó bá pọ̀ jù, wọ́n á gé e, wọ́n á sì dà á nù. Àwọn ayàwòrán fúnra wọn kò bèèrè rẹ̀, nítorí iye ojú ìwé ni wọ́n fi ń gba owó, ojú ìwé ọ̀la ló sì wà lọ́kàn wọn. Jerry Robinson, ọ̀kan lára àwọn tó ya Batman nígbà tí Batman ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó ń gba páálí padà tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tó fi pa mọ́ wà lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù láti àsìkò yẹn.

Ẹlòmíràn tó yàtọ̀ ni William Gaines, olówó ilé iṣẹ́ EC, àwọn tó ṣe ìwé ìdẹ́rùbani àti ìwé ẹ̀fẹ̀ Mad. Ó ń tọ́jú gbogbo àfọwọ́yà tí wọ́n bá yà fún un. Nígbà tí ìgbìmọ̀ 1954 yẹn lé ìwé ìdẹ́rùbani rẹ̀ kúrò lọ́jà, páálí rẹ̀ kò bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Russ Cochran bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe gbàǹjo díẹ̀díẹ̀. Nítorí ọkùnrin kan tó kọ̀ láti da ìdọ̀tí nù, iṣẹ́ EC wà lónìí fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ìgbà náà ti di eérú.

Ìjà Neal Adams

Neal Adams kì í ṣe ẹni tó ń dákẹ́. Ó bọ́ sídìí iṣẹ́ ní DC ní ìparí àwọn ọdún 1960, ó sì di ayàwòrán tí gbogbo ènìyàn ń wá. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn bí òun ṣe bá ẹnì kan níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ gé àfọwọ́yà àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, tí òun sì ní kó dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà ló ti ń jà pé kí ilé iṣẹ́ dá páálí padà fún ẹni tó yà á. Àlàyé rẹ̀ rọrùn: ohun tí ilé iṣẹ́ rà ni ẹ̀tọ́ láti tẹ àwòrán náà, wọn kò ra ìwé tí àwòrán wà lórí rẹ̀.

Ó dà bí ẹni tó gbé oríkì ìdílé rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ rédíò. Wọ́n lè gbohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ bí ẹ bá jọ ṣàdéhùn, ṣùgbọ́n wọn kò lè ní oríkì náà kúrò lẹ́nu rẹ lọ títí ayé.

Adams ràn Siegel àti Shuster lọ́wọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí fíìmù Superman ń bọ̀ lọ́nà, àwọn méjèèjì ti darúgbó sínú ìṣẹ́. Ariwo tí Adams àti àwọn mìíràn pa nínú ìwé ìròyìn mú kí ilé iṣẹ́ náà gbà, ní oṣù kejìlá 1975, láti máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 20,000 dọ́là lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa kọ orúkọ wọn sára Superman. Láàárín àwọn ọdún 1970 yìí kan náà ni DC àti Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í dá àfọwọ́yà tuntun padà. Ẹni tó fi pẹ́ńsùlù yà á àti ẹni tó fi yíǹkì parí rẹ̀ á pín àwọn ojú ìwé náà láàárín ara wọn.

Ìgbà yẹn ni páálí kọ́kọ́ di owó fún ayàwòrán. Ó lè tà á fún àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì níbi àpéjọ wọn, kó fi san owó ilé. Ṣùgbọ́n àwọn páálí àtijọ́ ńkọ́, èyí tó ti wà nínú àká ilé iṣẹ́ láti ogún ọdún?

Ọ̀rọ̀ Jack Kirby

Bí a bá ní ká dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ilé Marvel, Jack Kirby ni. Wọ́n bí i ní New York ní 1917. Òun àti Joe Simon ló dá Captain America sílẹ̀ ní 1941. Láti 1961, òun àti Stan Lee jọ ṣe Fantastic Four, Hulk, X-Men, àti Black Panther, akọni aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ jáde nínú Fantastic Four ní 1966. Yàrá kékeré kan ní abẹ́ ilé rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, yàrá tí ẹbí rẹ̀ ń pè ní ẹ̀wọ̀n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé ló ti ibẹ̀ jáde.

Nígbà tí Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í dá páálí àtijọ́ padà ní àwọn ọdún 1980, àwọn ayàwòrán yòókù ń fọwọ́ sí ìwé olójú kan. Ti Kirby yàtọ̀. Ní 1984, wọ́n fi ìwé olójú mẹ́rin ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì ní àfọwọ́yà tí àwọn rí tó jẹ́ tirẹ̀ kò ju 88 lọ. Lára ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé kò gbọdọ̀ pàtẹ páálí náà fún aráyé wò láìgba àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ bá ilé iṣẹ́ náà du ẹ̀tọ́ lórí àwọn akọni wọ̀nyí láé. Ẹ rò ó wò: ojú ìwé 88 péré, láti inú iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àdéhùn sì tún tẹ̀lé e.

Kirby kò fọwọ́ sí i. Ìwé àtìgbàdégbà The Comics Journal gbé ọ̀rọ̀ náà síta, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ayàwòrán àti òǹkọ̀wé sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀. Ohun tó tún ń dun àwọn ènìyàn ni pé àfọwọ́yà Kirby ti ń yọjú lọ́jà kí ilé iṣẹ́ tó dá ohunkóhun padà fún un. Ẹlòmíràn ń tà, ẹni tó yà á kò rí gbà. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ.

Ní 1987, Marvel fi ìwé olójú kan síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, wọ́n sì dá nǹkan bí ojú ìwé 1,900 sí 2,100 padà. Kò tó ìdá mẹ́rin ohun tó yà fún wọn. Kirby kú ní 1994. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ àwọn akọni náà lọ, ó kù díẹ̀ kó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà kí àwọn àti Marvel tó parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní oṣù kẹsàn-án 2014.

Ẹ kíyè sí i pé páálí àti ẹ̀tọ́ kì í ṣe ohun kan náà. Páálí ni ohun tí a lè gbé kọ́ ògiri. Ẹ̀tọ́ ni àṣẹ láti tẹ̀ ẹ́, láti fi ṣe fíìmù. Ohun tí Kirby rí gbà ni apá kan páálí. Síbẹ̀, ó ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó bá dá páálí padà ti jẹ́wọ́ pé ọwọ́ kan wà tó yà á.

Orí gbàǹjo

Bí páálí ṣe ń padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ọjà ṣí. Ẹ wo díẹ̀ lára ohun tí wọ́n ti tà. Ní 2011, ojú ìwé ńlá kan tí Frank Miller yà fún The Dark Knight Returns ní 1986 tà ní 448,125 dọ́là. Ní 2012, àwòrán èèpo ìwé Amazing Spider-Man, ẹ̀dà 328, tí Todd McFarlane yà, tà ní 657,250 dọ́là. Ní Yúróòpù, àwòrán tí Hergé yà ní 1936 fún èèpo ìwé Tintin, The Blue Lotus, tà ní Paris ní 2021 ní nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 yúrò. Ilé iṣẹ́ kò lo àwòrán náà nígbà yẹn nítorí títẹ̀ rẹ̀ á gbówó lórí jù. Wọ́n ká a, ó sì wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni ti Herb Trimpe. Òun ló ya ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú The Incredible Hulk, ẹ̀dà 180, ní 1974. Ibẹ̀ ni Wolverine ti kọ́kọ́ fò wọlé. Ní 1983, Trimpe fi páálí náà ta ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́rẹ. Nígbà tó yá, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Trimpe ní Marvel, ó sì lọ di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní 2014, ẹni tó fún ní páálí gbé e wá sí gbàǹjo Heritage, ó sì tà ní 657,250 dọ́là. Ẹni náà kò gbàgbé: ó ní òun á fi apá kan owó náà fún Hero Initiative, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn ayàwòrán kọ́míìkì tí nǹkan kò ṣẹnuure fún lọ́wọ́. Ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí ló mú un ṣe é, òfin Amẹ́ríkà kò kàn án nípá. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè bi í.

Ojú tí a fi ń wò ó

Ẹ má jẹ́ kí owó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń kó àfọwọ́yà jọ kò ní mílíọ̀nù. Ojú ìwé tí akọni kankan kò sí nínú rẹ̀, tí ẹni méjì kàn jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, kì í wọ́n bíi ti ojú ìwé ìjà tàbí ti èèpo ìwé. Àwọn tó mọ ọjà náà máa ń sọ pé ibẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ ayàwòrán tó gbọ́n, nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ́ tàbí iná tó lè bo àìmọ̀-ọ́n-yà mọ́lẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wò ni ìwọ̀nyí. Àkọ́kọ́, ipa ọwọ́: ṣé búrọ́ọ̀ṣì ló fa ìlà yìí, tó nípọn níbi kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ níbòmíràn, àbí kálàmù? Ìkejì, àyípadà ọkàn: níbo ni ọ̀dà funfun wà, kí ló sì wà lábẹ́ rẹ̀? Ìkẹta, ọ̀nà tí ojú ń gbà láti àpótí kan dé òmíràn, èyí tó ṣòro rí nígbà tí àwọ̀ bá ti bo ohun gbogbo. Ìkẹrin, ẹ̀yìn páálí: òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ 1954, orúkọ ìwé, déètì, nígbà mìíràn àwòrán kékeré tí ayàwòrán fi ń dán ọwọ́ wò.

Ẹ̀yìn páálí yìí náà ló ń gba ènìyàn lọ́wọ́ onírú. Àwọn kan ń gbé ìwé lé orí iná, wọ́n ń tẹ̀lé ìlà ẹlòmíràn, wọ́n á wá ní Kirby ló yà á. Ṣùgbọ́n ìlà tí a tẹ̀lé kì í yára. Ó máa ń gbọ̀n díẹ̀, kì í sì í ní pẹ́ńsùlù lábẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùrà fi ń bèèrè pé ọwọ́ ta ni páálí ti wà rí, láti ìgbà wo. Bí a ṣe ń bèèrè ìtàn lẹ́nu àgbà lọ́nà ju ẹyọ kan lọ kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa tó ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí lọ sí ìletò á mọ̀ ọ́n.

Ilé ìkàwé pẹ̀lú ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní Ohio State University, iṣẹ́ ayàwòrán Milton Caniff ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Lónìí, Billy Ireland Cartoon Library & Museum tó wà níbẹ̀ ní àfọwọ́yà tó ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé, kó ní kí wọ́n gbé ojú ìwé kan wá, kó sì wò ó.

Nílé ńkọ́?

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìtàn yìí kò kàn wá. Akinọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní 1916, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ olóṣèlú fún West African Pilot ní 1944, ó sì ń fọwọ́ sí i pé Lash. Àwòrán wọ̀nyẹn wà lára ohun tí wọ́n fi bá ìjọba amúnisìn jà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irú Dele Jegede, tó ya Kole the Menace nínú Sunday Times, àti Josy Ajiboye dé. Ohun tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ nípa iṣẹ́ wọn, inú ìwé ìròyìn la ti rí i, tí ìwé ìròyìn ọ̀hún ti pọ́n, tí etí rẹ̀ ti ń já.

Àwọn òbí wa kan ṣì rántí Power Man, akọni aláwọ̀ dúdú inú kọ́míìkì tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà láti 1975. Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń yà á. Àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ló ń pín in yà. Gibbons ló padà ya Watchmen ní 1986, Bolland ló ya Batman: The Killing Joke ní 1988. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló kọ́kọ́ fi owó wọn ra iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin méjèèjì fi kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa kọ́ ni páálí rẹ̀ ti ń jáde.

Láti ìgbà náà, ọmọ wa ti ń yà fúnra rẹ̀. Tayo Fatunla lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí Joe Kubert dá sílẹ̀ ní New Jersey ní 1976, ó sì fi Our Roots kọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní Ìlú Ọba nípa ìtàn wọn nínú ìwé ìròyìn The Voice. Roye Okupe kọ Iyanu, tó gbé ka àṣà Yorùbá. Ilé iṣẹ́ Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní 2021, ó sì di eré àwòrán lórí tẹlifíṣàn ní 2025.

Ohun tó wà nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ méjì la fẹ́ fi kádìí rẹ̀.

Èkíní ni òfin. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà kò fún Trimpe, òfin Nàìjíríà fún ayàwòrán rẹ̀. Láti inú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 1988, tó sì tún wà nínú ti 2022, ẹni tó ya àwòrán tàbí tó fi ọwọ́ kọ ìwé ní ẹ̀tọ́ sí ìpín nínú owó tí wọ́n bá tún iṣẹ́ náà tà ní gbàǹjo tàbí lọ́wọ́ oníṣòwò iṣẹ́ ọnà, lẹ́yìn títà àkọ́kọ́. Kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tà á dànù. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí nílò nǹkan kan kó tó ṣiṣẹ́: páálí gbọ́dọ̀ wà, orúkọ sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Òfin kò lè gba ìpín fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n fi dáná.

Èkejì ni pé àsìkò ń lọ. Ọ̀pọ̀ kọ́míìkì òde òní, nílé lóko, orí kọ̀ǹpútà àti tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń yà á. Ó yá, ó mọ́, kò ná ni lówó tàdáwà. Ṣùgbọ́n bí a bá pa ìlà rẹ́ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó lọ nìyẹn. Kò sí ọ̀dà funfun, kò sí ẹ̀yìn páálí, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo. Èyí túmọ̀ sí pé páálí tí àwọn àgbà ayàwòrán wa ti yà láti ìgbà Láṣekàn títí di nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn jẹ́ ohun tí a kò ní í tún rí irú rẹ̀ púpọ̀ mọ́. Inú àpótí ìwé ni wọ́n máa ń wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ilé tí wọ́n fẹ́ tún kùn, lọ́wọ́ ọmọ tí kò mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ ìròyìn, nínú ilé ìkàwé, nínú ilé ìtẹ̀wé: bí ẹ bá mọ ẹni tó ya àwòrán fún ìwé ìròyìn tàbí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ rí, ẹ béèrè páálí lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ má gbà á lọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ẹ kọ orúkọ ẹni tó yà á, ọdún, àti ibi tó ti jáde. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí wọ́n má ká a, kí oòrùn àti omi má dé ibẹ̀. Kirby fi ọdún mẹ́ta jà kó tó rí ìwọ̀nba gbà nínú tirẹ̀. Tiwa kò tíì dé ilé ẹjọ́, kò tíì dé orí gbàǹjo. Bí kò bá ti jóná, ó ṣì wà nínú ilé.